Ọmọ Tí A Já Sílẹ̀ ní Apple Junction

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, kí ẹnu mi tó tún rí ọ̀nà yí i padà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri Agboju àti Festac, tí mò ń bá a jẹun, tí mò ń bá a kírun, tí mò ń bá a wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀. Orúkọ mi ni Ṣàmsúdéènì. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi ní Òṣòdì ń pè mí ní Àlàájì Mílíìkì, nítorí mílíìkì àti ṣúgà ni mò ń tà ní páálí-páálí. Àwọn tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ń pè mí ní Alága. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, mo sì ti ń gbé ẹ̀yìn ọjà Agboju láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ èyí. Hidaayah ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì ti dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì láti nu ojú. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀sì ńlá funfun kan ni, ti ọkùnrin kan tó ń gbé inú Festac. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó máa ń gbéra ní Agboju, á gba Second Gate wọ inú Festac, á kó èrò, á yọ sí Apple Junction, á wá dorí kọ Òṣòdì. Enoch ni dírẹ́bà rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Àwa kan náà la máa ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà ni. Àwọn ọ̀dọ́ á sáré wọlé, wọn á gba gbogbo síìtì, wọn á dijú bí ẹni tó ti sùn, àwọn àgbà á wà lórí ìdúró, wọn á máa di irin mú. Mo rí aboyún kan tó dúró láti Agboju dé Òṣòdì láàárín ọkùnrin mẹ́rìnlá tó jókòó. Inú bí mi gan-an. Ní ọjọ́ kejì mo dìde nínú bọ́ọ̀sì, mo ní láti òní lọ, ìlà méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn dírẹ́bà, ti àgbàlagbà ni, ti aboyún ni, ti abiyamọ ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò tó oṣù kan tí ìjà fi dópin. Ọ̀dọ́ á rí àgbà, á dìde, á ní, "Ẹ jókòó, mà," inú gbogbo wa á dùn. Ohun tó dáa ni mo ṣe, mi ò ní parọ́ mọ́ ara mi nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti ṣìnà. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni mò ń rò mọ́, àṣẹ mi ni. Bí ẹnì kan bá jáfara díẹ̀ kó tó dìde, ṣe ni ara mi á máa gbóná, bí ẹni pé ilé mi ni wọ́n wọ̀ láìkí mi.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, fóònù mẹ́ta sọnù nínú bọ́ọ̀sì wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó mú wọn, a ò sì mọ̀ títí di òní. Ìfura wọ àárín wa. Ẹni tó máa ń gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gbé e há àyà. Bí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá na apá, ọwọ́ rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ wò. Bí ẹnì kan bá kí ẹ tayọ̀tayọ̀ jù, wàá bi ara rẹ léèrè pé kí ló ń wá. Èmi ni mo burú jù nínú gbogbo wa. Mò ń wo ìka èèyàn, mò ń wo bàtà èèyàn, mò ń ka iye ìgbà tí ẹnì kan bojú wẹ̀yìn. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ máa ṣọ́ ojú tuntun. Àwa tí a ti mọra wa kọ́ ló ń ṣe é." Ta ló sọ fún mi pé àwa kọ́ ni? Kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ààwẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ebi ń pa mí nítorí Ọlọ́run ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣe ohun tí mo ṣe. A dé Second Gate, ọmọkùnrin kan wọlé tí mi ò rí rí. Ó tínrín, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ooru ti ń mú láti ìdájí, síbẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn ló wọ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Enoch létí, tó sọ ọ̀rọ̀ kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí Enoch mi orí. Mo ní nínú mi pé, kí ló ń bá dírẹ́bà sọ tí àwa ò gbọ́dọ̀ gbọ́? Ó wá jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, gẹ́rẹ́ níwájú mi, lórí síìtì àwọn àgbà. Òógùn bò ó níwájú orí. Funfun ojú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Kò pẹ́ kò jìnnà, á ki ọwọ́ bọ báàgì tó wà lórí itan rẹ̀, á tún yọ ọ́. Á wo ẹnu ọ̀nà, á wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí lára rẹ̀, àmì olè ni mo pè é. Ká ní ojú mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyá tó bí i nìkan kọ́ ni ì bá mọ̀ pé aláìsàn ni.

Inú Festac ni Àlàájà Sàdíátù ti wọlé. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Òṣòdì, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Ìlà méjèèjì ti kún. Mo nawọ́, mo fi ìka gbá ọmọkùnrin náà léjìká.

Mo ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, dìde fún ìyá."

Ó gbójú sókè. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè dúró."

"O ò lè ṣe kí ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ara mi ò yá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní, "Ara wọn kì í yá tí wọ́n bá ti rí àgbà." Bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gun orí mi. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé gbogbo èèyàn ń wo òun, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó yíjú padà sí mi, ó rọra nà sẹ́yìn, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín létí." Mo fà sẹ́yìn, mo fọwọ́ di àpò mi mú. "Má sún mọ́ mi!" Ohùn mi ròkè. "Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, sọ ọ́ síta!" Kò sọ ọ́ síta. Ó dorí kodò.

Àlàájà ní, "Alága, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Mo lè dúró, ara mi le." Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Stella, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, dìde ní ìlà kẹta lẹ́yìn mi, ó ní, "Àlàájà, ẹ wá jókòó síbí, mà." Ẹ gbọ́ bí síìtì ṣe yọjú. Ìyá arúgbó ti rí ibi tó máa jókòó, ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi ni mi ò jẹ́ kó tán. Mo ní, "Stella, jókòó o jàre. Kì í ṣe síìtì là ń wí mọ́. Ìwà là ń wí." Mo kọjú sí ọmọkùnrin náà, mo ní bí kò bá dìde, bọ́ọ̀sì yìí ò ní lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé iṣẹ́ àwọn ń pẹ́, kó dìde, kí ni gbogbo èyí.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó fa ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, mo rí i tó fi eyín tẹ ètè. Mo ní nínú mi pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Enoch gbéra. Bí Àlàájà ṣe ń bọ́ síwájú láti jókòó, bọ́ọ̀sì kó sí kòtò, ẹsẹ̀ ọmọ náà yẹ̀, ó wó lu ìyá, báàgì rẹ̀ àti báàgì ìyá kọlura. "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ má bínú," ló ń sọ. A gbé ìyá jókòó. Ọkùnrin kan sọ̀ ká tó dé Apple Junction. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí a gbọ́ ohùn Àlàájà: "Fóònù mi dà?"

Gbogbo ojú wo ibì kan ṣoṣo. Stella mú fóònù tirẹ̀, ó pe nọ́ńbà ìyá. Ó ní, "Ó ń lọ, wọn ò gbé e." A ò gbọ́ kí nǹkan kan dún. Àlàájà ní òun ti pa ohùn rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, pé ṣe ló máa ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin náà ti mọ ohun tí à ń rò. Kò dúró kí a bi òun, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ike omi, káàdì ọsibítù, tòwẹ́ẹ̀lì kékeré, àti oògùn oríṣiríṣi nínú ọ̀rá. Kò sí fóònù ìyá níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ tú àpò mi náà wò. Ọsibítù ni mò ń lọ. Mi ò mú nǹkan kan." Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tú u kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ jìnnà, ó ń tì mí lójú láti padà. Mo tọ́ka sí oògùn yẹn, mo ní, "Ẹ ò rí ohun tó ń gbé mì? Ẹ ò rí ojú ẹ̀? Fóònù ò lè sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ó ti nà án sí ẹnìkejì ẹ̀ tó sọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Inú orí mi ni mo ti mú un. Àmọ́ àgbà ló sọ ọ́, Alága ló sọ ọ́, àwọn èèyàn sì ń mi orí.

Enoch dúró ní Apple Junction bó ṣe máa ń dúró. Ọkùnrin méjì fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ju báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò lè dúró, ó jókòó sórí pèpéle lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ki èrò sọ́kọ̀, yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè sí fèrèsé mi. "Àlàájì, kí ló ṣe?"

Mo ní, "Olè ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Enoch gbéra. Mo wo ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé, mo rí ọwọ́ ẹnì kan tó gòkè, mo rí jákẹ́ẹ̀tì yẹn láàárín àwọn ẹsẹ̀. Mo kọjú síwájú. Ọkàn mi sọ pé kí n bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò bojú wò ó.

Ohun tí ẹ ti gbọ́ yìí, èèyàn bí ọgbọ̀n ló rí i pẹ̀lú mi. Èyí tó kù yìí ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Enoch fún bọ́ọ̀sì níná láti gun títì ńlá, nǹkan kan yọ̀ jáde lábẹ́ síìtì Àlàájà, ó sì wá kan bàtà mi. Mo wolẹ̀. Fóònù ni, fóònù Àlàájà, èyí tó ní ìdérí àwọ̀ ewé tí gbogbo wa mọ̀. Ìgbà tí báàgì méjèèjì kọlura ló ti já bọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo sì fa jàlàbíà mi bò ó. Ní àkókò náà gan-an Stella tún ń pè é. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, gbì, gbì, gbì, ó ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ dé orúnkún.

Stella ní, "Ó ṣì ń lọ o. Olè wo ni kò ní pa fóònù? Bọ̀dá Enoch, ẹ jẹ́ ká padà, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọmọ yẹn ò dáa. Mo rò pé aláìsàn ni lóòótọ́."

Enoch dẹ iná. Kò bi Stella, èmi ló bi. Ó wò mí nínú dígí tó wà lókè orí rẹ̀, ó ní, "Alága, ṣé ká padà?"

A ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí a ti lè yí padà ṣì wà níwájú wa, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ò jalè. Kì í ṣe pé mo fura, mo mọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo rí i bí gbogbo bọ́ọ̀sì ṣe máa wò mí. Mo rí i bí wọ́n ṣe máa sọ pé Alága ló ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lásán. Mo ní, "Máa lọ, Enoch. Iṣẹ́ ń dúró de àwọn èèyàn."

Ó sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ní Òṣòdì, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tún bàtà ṣe, mo mú fóònù náà, mo tì í bọ àpò. Mo pa á nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo sì jù ú sínú gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ọjà. Mo padà wá, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ mo fi dàbínù ṣínu. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta Enoch wá sí ilé mi. Kò jókòó. Ó ní wọ́n lu ọmọ náà ní Apple Junction kí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì tó gbà á sílẹ̀, pé àwọn tó nà án ti fọ́nká kí ọlọ́pàá tó dé. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ara rẹ̀ ò lè gba ìyà yẹn. Ó kú ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Jùwọ́nlọ ni wọ́n ń pè é. Enoch wá ní, "Alága, ó sọ fún mi nígbà tó ń wọlé. Ó ní egungun ń ro òun, ṣé òun lè jókòó níwájú. Mo ní kó jókòó."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ó ní, "Mo bẹ̀rù yín, sà."

Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀sì ti di nǹkan míì. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ ọmọ yẹn. Enoch ń wò mí nínú dígí, mò ń wò ó. Àwọn méjì tó fà á sọ̀ kalẹ̀ ò jókòó tira wọn mọ́. Bí ọlọ́pàá bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wa á máa wo ilẹ̀. Mo ń fura sí gbogbo èèyàn pé wọ́n mọ̀. Stella ni mò ń fura sí jù, nítorí ẹ̀yìn mi ló jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Ní àárọ̀ kan ó dúró tì mí ní ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ní, "Dádì, kí lẹ mú nílẹ̀ ní Òṣòdì lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà mi ló já bọ́. Ó wò mí títí. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n rò ó wò, ta ló ń gbèjà ọmọ yẹn? Ta ló ní ká padà lọ gbé e? Àbí ó mọ̀ ọ́n rí? Mi ò pè é lólè o. Mo kàn bi wọ́n ní ìbéèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí Stella bá jókòó, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbé báàgì kúrò. Kò wọ bọ́ọ̀sì wa mọ́.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá ọmọ náà wá sí Agboju. Níyìọlá lorúkọ rẹ̀, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán nínú Festac, òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà. Ó mú fọ́tò dání, ó ń fi í han ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ibùdókọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, obìnrin tí mo pa lọ́mọ kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Wọ́n ní inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ pé ó jalè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní kí n ra òmíràn fún òun, mo ní kó ní sùúrù. Mo ń rò ó pé bóyá èmi ni mo fà á." Mo gba fọ́tò náà. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, ìyá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo dá fọ́tò padà fún un.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ọdún yípo, ààwẹ̀ míì ń bọ̀. Ní àárọ̀ kan Àlàájà Sàdíátù yọ fóònù nínú bọ́ọ̀sì, fóònù tuntun tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Àlàájà, ta ló ń kẹ́ yín báyìí?" Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "Alága, ìyá ọmọ yẹn ni. Mo wá ilé rẹ̀ kàn. Mo ní kí n lọ sọ fún un kí ààwẹ̀ tó wọlé pé mo ti dárí ji òkú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣe ló bú sẹ́kún. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ọkùnrin, ó ní kí n má bínú, òun ò kọ́ ọmọ òun lólè. Ní ọjọ́ kẹta ló gbé fóònù yìí wá. Mo kọ̀ ọ́, ó ní bí mi ò bá gbà á, ọmọ òun ò ní sinmi."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé Òṣòdì. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí páálí ṣúgà, mo ń ronú nípa obìnrin kan tó ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ láti fi ra fóònù tí èmi jù sí gọ́tà. Ó gbà pé ọmọ òun jalè. Èmi ni mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kú, mo tún bá a lọ sínú sàréè lọ gba orúkọ rẹ̀.

Mo lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, èmi àti Muhyideen, ọmọkùnrin mi, tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún. Níyìọlá ń rán aṣọ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò yọ ìkankan kúrò. Kò pariwo. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo.

"Nígbà tí fóònù yẹn ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ìṣẹ́jú mélòó lẹ ti kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

Mo ní, "Kò tó márùn-ún."

Ó ká aṣọ tó ń rán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí lónìí. Mi ò ní nǹkan kan láti fún yín. Mo ti yọ gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, nítorí bí àlejò bá béèrè pé ta nìyí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti pè é lólè. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́." Ó tì wá jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ti sọ ọ́ ní Apple Junction. Mo dúró lórí pèpéle yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sọ ọ́ lóhùn rara. Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú. Àwọn kan dúró gbọ́. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan gbọ́ ọ dé ìdajì, ó tan ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ kíákíá láìgbé èrò, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó burú tó bẹ́ẹ̀: èmi tí mo fi ẹnu pa èèyàn ń fura sí ẹni tó fi ọwọ́ ṣe é. Mo ti sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Enoch pa iná mọ́tò títí mo fi sọ ọ́ tán. Àlàájà ò wò mí, ó ti fóònù náà bọ inú báàgì bí ẹni tí nǹkan jó lọ́wọ́, ó ní òun ń gbé e padà lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́la, Muhyideen á tẹ̀ lé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó bá dé bá mi níbẹ̀, mi ò ní sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Stella, mo pè ọ́, o ò gbé e, mi ò sì dá ọ lẹ́bi. Kò sí ohun tó kàn ọ́ pẹ̀lú olè kankan. Ìwọ nìkan lo ṣe èèyàn nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi lé ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa dìde fún àgbà, mi ò sọ pé kí ẹ má dìde. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dá yín lójú, kódà bí gbogbo ọkọ̀ bá ń pè é ní Alága, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ sọ pé ká padà, kí ẹ sì tún un sọ. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá ní òun ò lè dúró, ẹ gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ló pa, ẹsẹ̀ yín lásán ló máa dùn yín. Mi ò bẹ ìyá rẹ̀ mọ́, ó ti ní kí n má bẹ òun. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí ní Agboju, ní Satellite Town, nínú Festac, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ Níyìọlá aránṣọ jalè nínú bọ́ọ̀sì, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ní Ṣàmsúdéènì tó pe ọmọ náà lólè ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Jùwọ́nlọ ni orúkọ rẹ̀. Ọsibítù ló ń lọ. Kò mú nǹkan kan.